Àpótí Dígí Bàbá Mi àti Omi Tí Kò Tíì Gbó

Kí bàbá mi tó gbé ẹja wọ inú yàrá wa, mo rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo omi. Mo mọ̀ pé omi kànga ẹ̀yìnkùlé wa ní Ṣómólú la fi ń fọ abọ́, pé omi ẹ̀rọ ìkóríta la ń mu, pé omi òjò tó ń dà láti orí páànù la fi ń fọ aṣọ funfun bàbá mi nítorí pé ọṣẹ tètè máa ń hó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ibi tí a ti ń pọn ọ́n nìkan ló yàtọ̀. Ìró omi ló máa ń jí wa láàárọ̀: okùn kànga tó ń ha igi, garawa tó ń kanlẹ̀, àwọn obìnrin ilé tí wọ́n ń bi ara wọn bóyá ẹ̀rọ ti ń yọ tàbí kò tíì yọ. Èmi ni mo ń pọn omi yàrá wa, garawa mẹ́ta kí n tó lọ sílé ìwé. Tí mo bá fi máa sọ ẹ̀kẹta kalẹ̀, ìyá mi á ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà dè mí, wọ́n á sì sọ pé ẹnu ẹni tó pọn omi ló yẹ kó kọ́kọ́ kan oúnjẹ. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn àkàrà láàárọ̀, èjìká ọ̀tún á máa ro mí díẹ̀, bí ẹni pé garawa ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yábà ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í ṣe olùkọ́. Àwọn ni wọ́n ń fọ ìgò àti àwo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń po oògùn pọ̀ nínú yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, tí wọ́n sì ń tò wọ́n pa dà sórí pẹpẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé fi ń pè wọ́n ní Bàbá Onígò. Iṣẹ́ yẹn ti wọ̀ wọ́n lára débi pé wọn kì í mu omi láìkọ́kọ́ gbé ife sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kí wọ́n wò ó yíká. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n, láti ìdílé Mùsùlùmí tó ń fi gègé ìkọ̀wé jẹun. Ọmọ apẹja Ìlàjẹ ni ìyá mi, onígbàgbọ́ ni àwọn òbí wọn, orí omi ni wọ́n gbà wá láti etíkun kí wọ́n tó tẹ̀dó sí etí ọ̀sà ní Bàrígà. Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ra, ìyá tó bí ìyá mi, tí mo ń pè ní Ìyá Bàrígà, ní àwọn kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ọkùnrin náà láé. Bàbá mi fèsì pé etí ọ̀sà kò kúkú sí lójú ọ̀nà ibi tí àwọn ń lọ. Wọn ò jà, wọn ò bú ara wọn. Wọ́n kàn dákẹ́ síra wọn ni, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ti ju ọjọ́ orí mi lọ. Èmi nìkan ni mo ń ti ilé kan dé ìkejì. Ní ọjọ́ Sátidé, ìyá mi á gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré lé mi lórí, màá rìn dé Bàrígà, màá sì gbé ẹja yíyan bọ̀ nírọ̀lẹ́. Bàbá mi á jẹ ẹja náà, wọ́n á fá egungun rẹ̀ mọ́, wọn ò sì ní béèrè ẹni tó yan án.

Ní ọdún yẹn, olùkọ́ òyìnbó kan níbi iṣẹ́ bàbá mi ń pa dà sí ìlú rẹ̀. Ó ní àpótí dígí kan tó ń sin ẹja sí, ẹja mẹ́rin tí ara wọn pọ́n bí epo, tí èyí tó tóbi jù nínú wọn kò gùn ju ìka mi lọ. Ó fẹ́ da àwọn ẹja náà nù, torí ó ní kò sẹ́ni tó máa ní sùúrù láti tọ́jú wọn lẹ́yìn òun. Bàbá mi ní àwọn á tọ́jú wọn. Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbìyànjú oṣù kan wò ná. Mo gbà pé ẹ̀rín yẹn wúwo lórí bàbá mi ju àpótí dígí náà lọ. Ọmọlanke ló gbé àpótí, wọ́n fi àpò ìdọ̀họ wé e, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn gbé garawa ẹja. Láti Yábà, gba Onípànù, dé ẹnu ọ̀nà wa, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, tí wọ́n di garawa náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ilé ìgbẹ̀bí.

Gbogbo ilé ló wá wò ó. Wọ́n gbé àpótí náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyá Aránṣọ, tí yàrá wọn dojú kọ tiwa, fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ wo inú dígí, wọ́n béèrè ìgbà tí ẹja náà máa tó jẹ. Bàbá mi ní wíwò ni, kì í ṣe jíjẹ. Ìyá Aránṣọ wo ojú ìyá mi bóyá àwàdà ni, ìyá mi sì wo ilẹ̀.

Bàbá mi fi ọṣẹ fọ àpótí náà, wọ́n fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n ṣan án títí ó fi ń dún tí ọwọ́ bá kàn án. Omi kànga ni a kọ́kọ́ rọ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ nǹkan kan jáde nínú àpò tí mo rántí ju àwọn ẹja fúnra wọn lọ: bébà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọ̀kan pupa, ìkejì aláwọ̀ aró. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé tí omi bá kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tó ní àwọ̀ aró á di pupa, tí omi bá sì dà bí omi eérú, èyí tó pupa á yí sí aró. Wọ́n ki aláwọ̀ aró bọ omi kànga wa. Mo mí sínú. Díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bébà náà ń pọ́n. Kíkan ni omi tí mo fi ń fọ abọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, n kò sì mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo tọrọ bébà náà títí ó fi sú bàbá mi. Mo ki í bọ omi ọsàn, omi ògì, omi tí ìyá mi fi fọ ìrẹsì. Mo tilẹ̀ ki í bọ itọ́ ara mi.

Ẹja àkọ́kọ́ kú ní ọjọ́ kẹta. Bàbá mi ní omi tó kan ló pa á, wọ́n da gbogbo omi náà nù, wọ́n tún àpótí fọ̀, wọ́n ní kí n lọ pọn omi ẹ̀rọ wá. Omi ẹ̀rọ ò yí bébà kankan padà, inú wa sì dùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá ẹja kejì tó fi ikùn sókè. Lọ́tẹ̀ yìí bàbá mi fi imú súnmọ́ garawa, wọ́n gbóòórùn oògùn tí ìjọba ń dà sínú omi ẹ̀rọ kí àrùn má baà mú wa. Wọ́n ní bébà kò lè rí èyí, àfi imú. Wọ́n rọ omi ẹ̀rọ sínú agbada, wọ́n fi sílẹ̀ láìbò fún ọjọ́ méjì, òórùn náà lọ. Àwọn fúnra wọn ló rí ọgbọ́n yẹn, ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn, mo sì rántí bí wọ́n ṣe ń rìn yípo agbada náà bí ẹni pé àwọn ló dá omi sílé ayé.

Síbẹ̀ ẹja kẹta kú. Mo ti ń wò wọ́n nígbà náà ju bí mo ṣe ń wo ìwé mi lọ, mo sì ti rí nǹkan kan. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí bàbá mi bá ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n á da omi nù, wọ́n á fọ àpótí àti òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Tó bá di Sátidé àti Sọ́ńdè, àwọn ẹja á gbé ẹnu sójú omi, wọ́n á máa gbá afẹ́fẹ́ mì. Tó bá fi di Wẹ́sídeè, ara wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀, Jímọ̀ á sì tún dé. Mo sọ fún bàbá mi pé ó dà bíi pé fífọ̀ náà ni kò bá wọn lára mu. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ife síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Ṣìfáwù, ìdọ̀tí ló ń pani. Ìmọ́tótó kì í pani." Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣẹ́kù ọjọ́ mẹ́fà kí oṣù tí òyìnbó dá tó pé.

Ní Sátidé yẹn, ìyá mi lọ kí ẹni tó bímọ ní Onípànù, bàbá mi sì wà níbi iṣẹ́ títí di ọ̀sán. Ó yẹ kí n gbé apẹ̀rẹ̀ mi máa lọ sí Bàrígà. Mo wo inú dígí, ẹja tó kù dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, bí ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbá. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo bu òun àti omi rẹ̀ sínú abọ́ tánganran tó ní ọmọrí, mo gbé e lọ́wọ́, mo sì jáde. Ọ̀nà Bàrígà kò rí bó ṣe rí lónìí nígbà náà. Oko gbágùúdá ṣì pọ̀ láàárín ilé, tí èèyàn bá sì ń sún mọ́ ọ̀sà, ilẹ̀ pupa á di dúdú, á rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, òórùn ẹja yíyan á sì wá pàdé rẹ̀ lọ́nà. N kò lè yára kí omi má baà dànù, n kò sì lè falẹ̀ kí ẹja má baà kú. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ọmọrí wò, mo ń rò ó pé tí ó bá kú, èmi ni mo pa á, kì í ṣe omi.

Ìyá Bàrígà wà nídìí iná, wọ́n ń yí ẹja lórí àwọ̀n irin pẹ̀lú ìka tí iná ò lè jó mọ́. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, apá wọn le bí àjẹ̀. Wọn ò bi mí bí mo ṣe rí ẹja náà. Wọ́n ki ìka bọ omi, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n tutọ́ rẹ̀ dànù, wọ́n wá gbóòórùn rẹ̀ pẹ́. Wọ́n ní ó ń ta imú díẹ̀, bí ibi tí ọmọ ti tọ̀ sí. Mo ní bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ lánàá ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, omi kànga, omi ẹ̀rọ, bébà, Jímọ̀.

"Ẹja yìí ò ṣàìsàn," ni wọ́n sọ. "Omi rẹ̀ ni kò tíì gbó. Bó bá ti fẹ́ gbó ni bàbá ẹ ń fọ̀ ọ́ nù."

Ẹ̀yìn ilé wọn ni ìkòkò ńlá kan wà tí wọ́n máa ń fi omi odò àti omi òjò pa ẹja odò mọ́ láàyè títí oníbàárà á fi dé. Mo ti ń rí ìkòkò náà láti kékeré, n kò wo inú rẹ̀ rí. Omi rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì yà mí lẹ́nu, torí gbogbo ara ìkòkò náà ló ní eèhọ̀ aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bọ̀rọ́, ojú oró bo ìdajì ojú rẹ̀, ìkarawun ọ̀sà tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ sì kún ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ da ẹja sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbá ọwọ́ mi mú. Wọ́n bu omi ìkòkò náà ìwọ̀n ìṣasùn kékeré kan, wọ́n dà á sínú abọ́ mi, wọ́n pa dà sídìí iná. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún wá bu òmíràn. Wọ́n ní a kì í ti inú oorun gbé ọmọ ju sínú omi tútù. Mo jókòó ti abọ́ náà títí oòrùn fi kúrò lórí mi. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí ẹja náà wọ ìkòkò, ó rì lọ sísàlẹ̀, mo rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó dúró gbọnrangandan lábẹ́ ojú oró, tó ń mi ìrù.

N kò gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ tí bàbá mi gùn wá. Mo kàn gbójú sókè ni mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, nínú aṣọ iṣẹ́ funfun, ẹsẹ̀ wọn rì sínú ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀. Wọ́n ti délé, wọ́n bá àpótí tó ṣófo, n kò sì sí nílé. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ju bí inú ṣe ń bí wọn lọ. Mo mọ̀ ọ́n nísinsìnyí, n kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìkòkò. Ìyá Bàrígà ò dìde lórí àpótí ìjókòó wọn. Bàbá mi bọ́ fìlà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ yẹn, aṣọ funfun àti gbogbo rẹ̀. Iná ń ta pàrà lábẹ́ ẹja.

"Ẹ dìde, Bàbá Ṣìfáwù," ni Ìyá Bàrígà wí. "Ẹ wá wo nǹkan."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ìkòkò. Ìyá Bàrígà sọ fún wọn pé ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ilé yẹn fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ omi kan náà yípo ọdún. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, iyọ̀ òkun á wọ̀ ọ́, tí òjò bá dé, iyọ̀ náà á lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń dé, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń lọ, ẹja á ti mọ̀ ọ́n lára. "Ẹ̀yin, ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ fi ń pààrọ̀ gbogbo ayé wọn." Bàbá mi yọ bébà lápò, ọwọ́ wọn ṣì ní ẹrẹ̀, wọ́n ki méjèèjì bọ omi ìkòkò náà. Ìkankan nínú wọn ò yí padà. Wọ́n béèrè bí omi odò ṣe lè pẹ́ níbẹ̀ tó báyẹn kó má kan. Ìyá Bàrígà bu ìkarawun kan jáde, wọ́n fi èékánná họ ọ́ kí bàbá mi rí bó ṣe ti rọ̀, tó ti ń yọ́. Wọ́n ní òun ló ń gba kíkan inú omi náà. Bàbá mi gba ìkarawun náà, wọ́n gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ìbéèrè kejì, àti ìkẹta, mo sì rí i pé wọ́n ti gbàgbé pé ó yẹ kí àwọn nà mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ìyá Bàrígà ti ṣọ́ọ̀ṣì gba ọ̀nà Ṣómólú wá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ìyá mi mú omi ẹsẹ̀ wá, wọ́n ṣan ẹsẹ̀, wọ́n wọlé. Òkúta eléèhọ̀, ìkarawun fífọ́ àti ojú oró mẹ́ta ni wọ́n gbé wá nínú agolo. Bàbá mi rọ omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fọ́jọ́ méjì. Ìyá Bàrígà gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní ọgbọ́n yẹn dára, pé àwọn ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí a ju eegun ẹja kan sínú rẹ̀ kó jẹrà, kí a má sì fọwọ́ kan án mọ́. Omi náà rú, ó ń ta imú, Ìyá Aránṣọ sì ti ilẹ̀kùn wọn. Ó tó ọjọ́ márùn-ún dín lógójì kó tó mọ́, ẹja wa sì wà nínú ìkòkò Bàrígà ní gbogbo ìgbà yẹn. Bàbá mi ń ki bébà bọ̀ ọ́ láràárọ̀, èmi ń fi imú tèmi gbóòórùn. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí èmi náà di olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, mo kọ́ orúkọ ohun tó ń ta wá nímú, wọ́n ń pè é ní amóníà. Mo sì kọ́ pé àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú ò lè rí ni wọ́n ń gbé inú eèhọ̀ yẹn, àwọn ló ń jẹ oró náà, tó bá sì jẹ́ pé a fọ eèhọ̀ nù, a ti lé wọn nílé nìyẹn. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí lójú pátákó. Kò sí ìgbà kan tí mo kọ́ ọ tí n kò rí ìka Ìyá Bàrígà lórí ahọ́n wọn.

Oṣù tí òyìnbó dá ti kọjá nígbà náà, òyìnbó fúnra rẹ̀ ti wọkọ̀ ojú omi lọ. Bàbá mi ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ tí ẹja náà pa dà sílé, Ìyá Bàrígà ló gbé e wá, a sì ń bu omi inú àpótí sínú abọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ti ìjọ́sí, ṣùgbọ́n bàbá mi ló ń bù ú báyìí. Wọ́n gbé pupurú àti ọbẹ̀ wá pẹ̀lú, oúnjẹ etíkun tí n kì í jẹ àfi ní Bàrígà. A jẹun. Bàbá mi gbé àga lọ síwájú dígí, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ẹja bó ṣe ń yí gbogbo igun àpótí ká. Ibẹ̀ ni ìyá mi àti ìyá wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Ìlàjẹ. N kò gbọ́ èdè náà rí nínú yàrá wa. Ní Ṣómólú, bí àwọn ará Èkó ni ìyá mi ń sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ yẹn ohùn wọn yára, ó lọ sókè, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ìyá wọn. Ìyá Bàrígà wo bàbá mi láti ẹ̀yìn, wọ́n sọ gbólóhùn kan, ìyá mi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Bàbá mi yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ṣìfáwù, kí ni wọ́n sọ?"

Mo mọ̀ ọ́n, Sátidé tí mo ti lò ní Bàrígà ti pọ̀. Ìyá Bàrígà sọ pé ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ àkọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹyẹ àkọ̀ náà ló ṣe mọ̀ ọ́n dúró ti omi. Mo ronú díẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n ní ẹ mọ̀ ọ́n dúró ti omi."

Bàbá mi mi orí, wọ́n yíjú pa dà sí ẹja. Nígbà tó ṣe díẹ̀, láìwo ẹnikẹ́ni, wọ́n fa ṣòkòtò wọn wálẹ̀ bo kókósẹ̀, wọ́n sì rọra kó ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àga.